Orúkọ Ọmọ Ló Júwe Ilé Bàbá: Bí Wọ́n Ṣe Rí Orírun Stephen Hopkins

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níwájú, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí síbí tẹ́ ẹ ṣì wá jókòó gbọ́ Yorùbá lọ́sàn-án Sátidé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Wọ́n ní kí n wá sọ bí èèyàn ṣe ń tọpa ìdílé láti inú ìwé. Mi ò ní fi ìdílé Yorùbá kankan ṣe àpẹẹrẹ lónìí. Láti ibi tá a jókòó sí ní Boston yìí dé ìlú Plymouth, kò ju ìrìn wákàtí kan lọ nínú mọ́tò. Níbẹ̀ ni ọkùnrin kan gbé, tó sì kú sí, Stephen Hopkins, tó bá Mayflower, ọkọ̀ tó kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá tẹ Plymouth dó, dé lọ́dún 1620. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ń pe bàbá ẹlòmíràn ní bàbá rẹ̀. Wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Wọ́n rí orúkọ tó jọ orúkọ ni, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ọdún 1998 ni àṣìṣe náà tó tú. Bó ṣe tú ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé nínú gbogbo ìtàn ìdílé tí mo ti bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ mi ní ilé ìkàwé, òun ló là mí lójú jù.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, ibi tí ìwé ti dájú ló ti ń gbéra, á wá máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Kì í fò. Ní ti Hopkins, ibi tó dájú ni ọwọ́ William Bradford, tó ṣe gómìnà Plymouth fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Bradford ti darúgbó, ní nǹkan bí ọdún 1650, ó jókòó, ó kọ orúkọ àwọn tó wọ Mayflower sílẹ̀, agboolé lágboolé, ó sì kọ ẹni tó kú, ẹni tó ṣẹ́ kù, àti iye ọmọ tí oníkálukú ti bí. Nígbà tó kan Hopkins, ohun tó kọ ni pé Ọ̀gbẹ́ni Stephen Hopkins wà níbẹ̀, òun àti Elizabeth aya rẹ̀. Ọmọ méjì, Giles àti Constance, tí ìyàwó tó fẹ́ tẹ́lẹ̀ bí fún un. Ọmọ méjì míràn tí Elizabeth bí, Damaris àti Oceanus. Àti ìránṣẹ́ méjì, Edward Doty àti Edward Leister. Ojú òkun ni wọ́n bí Oceanus sí. Abíọ́nà ni ọmọ yẹn ì bá jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kò pẹ́ láyé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn kékeré kan pa mọ́ fún mi: "ìyàwó tó fẹ́ tẹ́lẹ̀." Bradford ò dárúkọ obìnrin náà. Ohun tó fi sílẹ̀ nípa rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, àmọ́ ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá wá wà.

Ìwé Bradford yìí fúnra rẹ̀ sọnù rí. Nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà ló pòórá ní Boston níhìn-ín, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ilé ìkàwé Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù ní Fulham ni wọ́n ti wá rí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lódindi lọ́dún 1856, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì dá ojúlówó rẹ̀ padà fún Massachusetts lọ́dún 1897. Kó tó jáde, ìdílé John Howland, òun náà ará Mayflower, ti gbà pé ọmọ Carver, gómìnà tó ṣáájú Bradford ní Plymouth, ni ìyá ńlá àwọn. Wọ́n fi ń yangàn. Ìwé náà jáde, wọ́n rí i pé ọmọ John Tilley ni, ọmọbìnrin tí òbí rẹ̀ méjèèjì kú nígbà òtútù àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé ẹnu lásán kọ́ ni wọ́n ń fi sọ ọ́, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Elizabeth Tilley náà nífẹ̀ẹ́ òbí tirẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Hopkins. Ìlú wo ló ti wá? Bradford ò sọ. Láàárín ọ̀rúndún ogún, ìwé ń tọ ìwé lẹ́yìn, wọ́n ń sọ pé ọmọ Wotton-under-Edge ni, ní àgbègbè Gloucestershire, pé Constance Dudley sì lorúkọ ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́. Ibo ni ìyẹn ti wá? Hopkins kan wà ní Wotton-under-Edge, ìyẹn ni wọ́n rí dì mú. Ọmọbìnrin ará Mayflower ń jẹ́ Constance, wọ́n ní á jẹ́ pé ìyá rẹ̀ náà ń jẹ́ Constance. Ẹni kan kọ ọ́, ẹni kejì dà á kọ, ẹni kẹta rí i lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó ní ẹlẹ́rìí ti pé méjì. Bẹ́ẹ̀ ẹnu kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Mo máa ń sọ fún àwọn tó bá wá sọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n má ka iye ìwé, kí wọ́n béèrè ọwọ́ tó kọ́kọ́ kọ ọ́, àti ohun tí ẹni náà fojú ara rẹ̀ rí.

Ti Hopkins yìí, àṣìṣe ni. Àwọn míì wà tí kì í ṣe àṣìṣe. Gustave Anjou, tó kú lọ́dún 1942, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa hun ìtàn ìdílé ayédèrú fún àwọn olówó Amẹ́ríkà. Á fi ojúlówó àkọsílẹ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, á wá ki irọ́ bọ àárín. Títí dòní, àwọn èèyàn ṣì ń kó ohun tó kọ sínú íntánẹ́ẹ̀tì láìmọ̀. Owó ló gbà lọ́wọ́ àwọn baba. Ohun tó gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ju owó lọ.

Níbi tó bá yẹ ká wá ẹni bíi Hopkins sí, ìwé ìjọ ni. Lọ́dún 1538, Thomas Cromwell, tó ń ṣiṣẹ́ fún Ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ pé kí gbogbo ìjọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa kọ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sínú ìwé. Àlùfáà rere wà, ọ̀lẹ wà. Omi ba òmíràn jẹ́, eku jẹ òmíràn. Ẹni tó bá sì rí ìwé tó ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọdún nígbà náà, torí pé títí di 1752, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí wọ́n bá sàmì fún ní oṣù kìíní tí ìwé pè ní 1607, 1608 ni lójú tiwa. Mo ti rí ẹni tó torí èyí sọ pé ìyá bí àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n.

Lọ́dún 1998, Caleb Johnson, tó ti ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí àwọn ará Mayflower, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà The American Genealogist. Ìwé ìjọ abúlé Hursley ní àgbègbè Hampshire ló ṣí fáyé rí. Àwọn ọmọ Stephen Hopkins mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Elizabeth ló ṣáájú. Wọ́n sàmì fún Constance ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún 1606. Wọ́n sàmì fún Giles ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní, ọdún tí wọ́n pè ní 1607, tá a máa pè ní 1608.

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lọ́wọ́ wa yìí. Stephen Hopkins kì í ṣe orúkọ kan tó ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ lè wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Stephen Hopkins tó bí Constance, tó tún bí Giles, tí ọjọ́ orí àwọn ọmọ náà sì bá ti àwọn tó wọ ọkọ̀ lọ́dún 1620 mu, mélòó ló lè wà? Giles kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń sọ kiri. Constance gan-an kò wọ́pọ̀ nígbà yẹn. Àwọn baba wa ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Níbí, ọ̀nà òdì kejì ni wọ́n gbà: orúkọ àwọn ọmọ ni wọ́n wò tí wọ́n fi mọ ilé. Àwọn tó ń wá Stephen nìkan ń rí Stephen ẹlòmíràn. Ìgbà tí wọ́n wá agboolé rẹ̀ pọ̀, bàbá, ọmọbìnrin, ọmọkùnrin, ni ilẹ̀kùn ṣí.

Ìwé Hursley kò tíì tán. Ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 1613, wọ́n sin obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Hopkins. Wọ́n ka ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, ìwé ogún náà sì dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀: Elizabeth, Constance, Giles. Mary nìyí o, "ìyàwó tó fẹ́ tẹ́lẹ̀" tí Bradford kò dárúkọ. Constance Dudley tí wọ́n ń pè ní ìyá àwọn ọmọ yìí kò sí níbì kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Constance jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, Giles jẹ́ márùn-ún.

Bàbá wọn ń kọ́? Ó ti re ìdálẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1609, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Sea Venture kó àádọ́jọ èèyàn bíi bẹ́ẹ̀, ó forí lé Jamestown ní Virginia. Stephen Hopkins wà nínú rẹ̀, ó jẹ́ akọ̀wé fún àlùfáà Richard Buck, ó ń ka sáàmù lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìjì líle mú ọkọ̀ náà, ó fọ́ sétí erékùṣù Bermuda lóṣù keje. Ẹ̀mí kankan ò bọ́. Wọ́n wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, wọ́n ń fi igi kédárì àti àjákù ọkọ̀ kan ọkọ̀ míràn. Hopkins wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lábẹ́lẹ̀ pé ibi tí ọkọ̀ ti fọ́ ni àṣẹ gómìnà ti tán, pé olúkúlùkù ti di òmìnira. Ọ̀tẹ̀ ni wọ́n pè é. Sir Thomas Gates, tó jẹ́ olórí wọn, dájọ́ ikú fún un ní oṣù kìíní 1610.

William Strachey, tó wà lórí erékùṣù náà pẹ̀lú wọn, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní bí wọ́n bá pa òun, ìyàwó òun àti àwọn ọmọ òun ti parun. Àánú rẹ̀ ṣe àwọn tó gbọ́, wọ́n bá a bẹ gómìnà, ó dárí jì í.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibẹ̀, mo gbé ìwé náà kalẹ̀. Ẹkún ọkùnrin yẹn ti di ẹ̀rí. Strachey ò mọ̀ pé ìtàn ìdílé lòun ń kọ, ìtàn ọ̀tẹ̀ ló rò pé òun ń kọ. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún wa pé Stephen Hopkins ti Bermuda ti gbéyàwó, ó sì ti ní ju ọmọ kan lọ kó tó di 1610. Ní Hursley, ìyàwó kan wà pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, Giles ò tíì pé ọdún méjì nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ. Ìwé méjì tí ẹni méjì kọ níbi méjì tí òkun là láàárín, wọ́n bára wọn mu láìpàdé. Ohun tá a ń pè ní ẹ̀rí nìyẹn.

Ẹnì kan lè bi mí pé ta ló sọ fún wa pé ẹni Bermuda yẹn náà ni ẹni Mayflower. Ìbéèrè tó yẹ ni. Ní oṣù kọkànlá 1620, nígbà tí àwọn ará Mayflower kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti yẹ ilẹ̀ Cape Cod wò, wọ́n kan igi kékeré kan tí wọ́n tẹ̀, tí èso igi wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wò ó, Stephen Hopkins ló sọ fún wọn pé tàkúté àgbọ̀nrín ni. Bradford tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò gbọ́, okùn náà fà á lẹ́sẹ̀ sókè. Hopkins mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Samoset, ọmọ onílẹ̀ tó kọ́kọ́ wọ ìlú wọn lóṣù kẹta 1621, kò fẹ́ lọ lálẹ́, ilé Hopkins ni wọ́n fi í sí kó sùn. Lóṣù keje, òun àti Edward Winslow ni wọ́n rán lọ kí Massasoit, olórí àwọn Wampanoag. Ẹni tó bá ti gbé Virginia rí, bíi Hopkins lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní Bermuda, ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tọ́ sí.

Nígbà tí wọ́n ti mọ̀ pé Hampshire ni, wíwá wá rọrùn. Lọ́dún 2004, wọ́n tẹ ìsàmì rẹ̀ fúnra rẹ̀ jáde: Upper Clatford, ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 1581, ọmọ John Hopkins. Ìdílé náà kó lọ sí Winchester lẹ́yìn ìgbà yẹn, ibẹ̀ ni John sì kú sí lọ́dún 1593, nígbà tí Stephen wà ní ọmọ ọdún méjìlá. Ọmọ aláìníbaba ni, ìyàwó rẹ̀ sì wá kú lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó wà lókè òkun. Nínú gbogbo ìwé àtijọ́ tó ń pè é ní ọmọ Wotton-under-Edge, kò sí ìbànújẹ́ wọ̀nyí níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ pé bàbá tí kì í ṣe bàbá ẹni léwu nìyẹn: ọgbẹ́ ẹlòmíràn ni wàá máa sunkún lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé ìhágún rẹ̀ hàn yín, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1644 ló ṣe é. Ó ní kí wọ́n sin òun sẹ́bàá ìyàwó òun tó ti kú. Ó fún Giles ní akọ màlúù ńlá rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Ìyáàfin Warren. Ó fún Stephen, ọmọ Giles, ní ogún ṣílè, owó tí Ìyáàfin Warren máa san fún lílo màlúù náà. Ọmọ rẹ̀ Constance, aya Nicholas Snow, ó fún un ní abo ẹṣin. Màlúù kan ń jẹ́ Motley: ó pín in sí méjì fún ọmọbìnrin rẹ̀ méjì, ìdajì fún Deborah, ìdajì fún Damaris. Ẹ ò rí i? Ẹni tó ń pín màlúù ti so ìran mẹ́ta pọ̀ nínú ojú ewé kan: bàbá, Giles, ọmọ Giles, bàbá, Constance, orúkọ ọkọ Constance. Wíwá irú rẹ̀ ló ń gbé àwọn èèyàn lọ sí ilé àkójọ ìwé láàárọ̀ Mọ́ńdè kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Ọmọ kan tún wà nínú ìwé ìhágún náà tó ń jẹ́ Elizabeth, ọ̀dọ́mọbìnrin ni, Plymouth ni wọ́n bí i sí. Elizabeth ti Hursley ń kọ́? Kò bá wọn wọ Mayflower. Ó ṣeé ṣe kó ti kú, kí wọ́n tún orúkọ náà sọ, nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn máa ń fi orúkọ ọmọ tó kú sọ èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí àwọn olùwádìí gbà pé ó ṣẹlẹ̀ sí Damaris nìyẹn, pé méjì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyàwó Stephen kejì náà ń jẹ́ Elizabeth, orúkọ ìyá ló lè jẹ́. Ẹni tó bá kánjú á ti pa ọmọ Hursley yẹn sínú ìwé láìrí sàréè rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè DNA ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ kó tó dé. Láti ọwọ́ wa lọ sókè sí ìran kejìlá, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, 4,096, ni baba àti ìyá ńlá tí oníkálukú ní. Tí ẹnì kan bá jẹ́ ọmọ Hopkins lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kí ohun tó kù lára rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má tó nǹkan kan tí àyẹ̀wò lè mú. Ohun tí bàbá ń fún ọmọkùnrin nìkan ló lè tọ́ka Stephen, ọ̀dọ̀ Giles nìkan ni ìyẹn sì ti lè wá, torí Oceanus kú ní kékeré, Caleb, ọmọkùnrin rẹ̀ kẹta, sì di atukọ̀, Barbados ló kú sí. Àyẹ̀wò ń ti ìwé lẹ́yìn. Kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún ń dùn mí, mi ò ní lè fò ó. Ní ọdún tó ṣáájú Mayflower, oṣù kẹjọ 1619, ọkọ̀ kan já ọmọ Áfíríkà tó lé ní ogún sílẹ̀ ní Point Comfort, ní Virginia tí Hopkins ti gbé rí. Kò sí àlùfáà Hursley kankan tó kọ orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n. Lẹ́yìn igba ọdún ó lé, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ka ẹrú lọ́dún 1850 àti 1860, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ni wọ́n ń kọ, lábẹ́ orúkọ olówó wọn. Ọdún 1870 ni ọ̀pọ̀ wọn tó ní orúkọ nínú ìwé ìkànìyàn. Àwọn àtọmọdọ́mọ wọn máa ń jókòó sí tábìlì kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ Mayflower ní ibi iṣẹ́ mi. Ọ̀kan ń wá bàbá tó wà ní 1581, èkejì ń wá ẹni tó ṣáájú 1870, ó sì ń lo ọgbọ́n kan náà: ó ń wo agboolé, ó ń wo ìwé ìhágún olówó ẹrú bóyá orúkọ kan á yọ láàárín màlúù àti ẹṣin. Nígbà míì ó máa ń yọ. Mo ti rí i, mo ti bá wọn sunkún.

Ó ku ọ̀rọ̀ Mary. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2012 gbà pé ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ ọmọ ìdílé Hursley kan tí wọ́n ń pè ní Kent, tí wọ́n tún ń pè ní Back. Nígbà tí Bradford ń kọ ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1650, ó ní Constance ti bí ọmọ méjìlá, gbogbo wọn ló wà láàyè, ọ̀kan sì ti ṣègbéyàwó. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ìyá nìkan ń gbé fún ọmọ, tí ọmọbìnrin á gbé fún ọmọbìnrin tirẹ̀, tí kì í gba ọ̀dọ̀ bàbá kọjá. Kì í ṣe ti Stephen. Ọ̀dọ̀ Mary ni Constance ti gbà á, ó gbé e sọdá òkun, ó sì fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀.